Èyí tí kì í rú èéfín: níkótíìnì láàárín àwọn ọ̀dọ́langba àti ohun tí òbí mọ̀

Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Kalifóníà tó wà ní San Francisco gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n mú ohun tí àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17 ní Amẹ́ríkà sọ nípa ara wọn, wọ́n sì fi wé ohun tí òbí wọn sọ nípa wọn. Àwọn tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò lé ní 23,000. Níbi tí ọmọ bá ti ń fa sìgá, nǹkan bí òbí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló mọ̀ tàbí tó fura. Níbi tó bá jẹ́ pé sìgá oníbátìrì tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní vape nìkan ni ọmọ ń fà, àwọn tó mọ̀ tàbí tó fura kò ju nǹkan bí 40 lọ. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, àsìkò kan náà ni, irú òbí kan náà sì ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé àìbìkítà òbí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀ níbí ni pé àmì tí òbí ti ń ṣọ́ láti ìrandíran ni àwọn tó ń ta níkótíìnì ti yọ kúrò lára ọjà wọn, àti pé òbí tó bá ń dúró dìgbà tó máa rí àmì yóò máa pẹ́ dé ni. Ohun tó ń dáàbò bo ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan náà ṣe fi hàn, ni òfin ilé tó ti múlẹ̀ kí ọmọ tó fọwọ́ kan nǹkan, òfin tó de àgbà bó ṣe de ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí àmì náà ṣe pòórá. Sìgá kì í bo ẹni tó ń fà á láṣìírí. Òórùn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ aṣọ àti irun, á máa yọ lẹ́nu, eérú á kù sílẹ̀, ìka á pọ́n. Ìyá tó bá gba àpò ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó ti ilé-ìwé dé kò nílò olùkọ́ kankan láti ṣàlàyé fún un. Ní ọdún 2003, apòògùn ará Ṣáínà kan, Hon Lik, tí òun alára jẹ́ afasìgá paraku, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi bátìrì mú omi tó ní níkótíìnì gbóná títí yóò fi di ooru tí ènìyàn lè fà sínú. Èrò rẹ̀ ni kí àgbàlagbà tí sìgá ti di bárakú fún rí ohun mìíràn lò. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ní 2015, àwọn méjì tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford, James Monsees àti Adam Bowen, gbé JUUL jáde. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rí bíi fláàṣì tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, ara kọ̀ǹpútà náà sì ni wọ́n ti ń gba iná sí i. Ooru rẹ̀ kì í pẹ́ lójú afẹ́fẹ́, òórùn máńgòrò tàbí ti míńtì ló sì ń fi sílẹ̀ nígbà náà. Òbí tó bá rí i lórí tábìlì ọmọ rẹ̀ lè bá a tọ́jú rẹ̀ sínú àpò, kó sì máa dúpẹ́ pé ọmọ òun ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Níkótíìnì inú sìgá oníbátìrì àtijọ́ máa ń ta ènìyàn lọ́fun bó bá pọ̀, títa yẹn gan-an ló sì máa ń lé ọ̀pọ̀ ọmọdé sá ní ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tó ṣe JUUL fi ásíìdì kan kún un, níkótíìnì náà wá di oríṣi iyọ̀ kan tó ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó ṣe di pé ọmọ tí kò fa nǹkankan rí lè fa èyí tó le gan-an láìwúkọ́ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé níkótíìnì inú agolo kékeré kan tó kì sínú ẹ̀rọ náà tó ti páálí sìgá kan, ìyẹn sìgá 20. Ní Bìrìtìkó àti àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kò gbà kí níkótíìnì inú irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá miligíráàmù 20 nínú mililítà kan. Èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà sún mọ́ 60. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò ní ibi kankan tó ti lè mọ ìṣirò yìí. Nínú ìwádìí kan tí àjọ Truth Initiative ṣe láàárín àwọn tó ń lo JUUL tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 24, tó jáde ní 2018, àwọn 63 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò mọ̀ pé níkótíìnì máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹni tó ń fà á kò bá mọ ohun tó ń fà, kí la fẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀?

Àwọn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà máa ń bi àwọn ọmọ ilé-ìwé léèrè lọ́dọọdún, èsì wọn sì fi bí nǹkan ṣe ń lọ hàn kedere. Ní 2011, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó wà ní ilé-ìwé girama àgbà, ẹni 1.5 péré ló sọ pé òun lo vape láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú. Ní 2017 ó di 11.7, ní 2018 ó fò sí 20.8, ní 2019 ó sì dé 27.5. Èyí ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ní oṣù Kejìlá 2018, Jerome Adams tó jẹ́ ọ̀gá àgbà dókítà fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di àjàkálẹ̀. Oṣù kan náà yìí ni Altria, ilé-iṣẹ́ tó ni Marlboro ní Amẹ́ríkà, fi bílíọ̀nù dọ́là 12.8 ra ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ JUUL. Lẹ́yìn náà ni òfin dé. Ní ìparí 2019, Amẹ́ríkà gbé ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n lè ta tábà fún láti 18 sí 21, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn sọ pé òun yóò lé àwọn agolo oníadùn èso àti míńtì kúrò lọ́jà. Àwọn ọmọ kò dúró síbẹ̀. Òfin náà kò kan èyí tí wọ́n ń fà tán tí wọ́n ń sọ nù, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ya síbẹ̀ nìyẹn: Puff Bar ló kọ́kọ́ gbòde, Elf Bar sì tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, iye àwọn tó ń lò ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì fi di 2024, ó ti wá sí 7.8 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ìwé girama àgbà. JUUL náà ti gbà láti san ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó pè é lẹ́jọ́ pé àwọn ọmọdé ló dójú ìpolówó rẹ̀ kọ.

Ewu tó wà nínú rẹ̀ fún ọmọdé kò fara jọ èyí tí ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù. Ní 2019, ìròyìn gba gbogbo Amẹ́ríkà pé vape ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2020, àwọn 2,807 ni àìsàn náà ti gbé dé ilé ìwòsàn, 68 nínú wọn sì kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé òróró fítámì E kan tí àwọn oníṣòwò abẹ́lẹ̀ ń pò mọ́ omi igbó ló wà nídìí púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Ikú náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ òbí kó níbẹ̀ kò pé. Wọ́n ń wo ikọ́ àti àìlèmí, bí ọmọ kò bá sì wúkọ́, ọkàn wọn balẹ̀. Iṣẹ́ tí níkótíìnì ń ṣe kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Kì í pé ìṣẹ́jú kan tí a bá fà á kó tó dé ọpọlọ, ibẹ̀ ló sì ti ń ru ohun tó ń mú inú ẹni dùn sókè. Ọpọlọ ènìyàn kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25, èyí tí kò tíì gbó ló sì tètè ń gba bárakú. Ìjábọ̀ tí ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2016 sọ ọ́ kedere pé níkótíìnì lè pa àfiyèsí, ẹ̀kọ́ kíkọ́ àti ìkóra-ẹni-níjàánu ọ̀dọ́ lára. Ohun tí òbí á rí nínú ilé ni ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ láàárọ̀, tó ń bínú láìnídìí, tí kì í lè jókòó ti ìwé, tó ń jáde lọ sí ilé ìwẹ̀ léraléra. Òbí á pè é ní ìwà ọ̀dọ́. Nígbà mìíràn, ìwà ọ̀dọ́ náà ni. Nítorí náà, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn àmì yìí tó lè dá nìkan sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìwádìí San Francisco náà tún jẹ́ ká mọ irú àwọn tó ń mọ̀. Ìyá sábà máa ń mọ̀ ju bàbá lọ. Wọ́n máa ń tètè fura sí ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin, wọ́n sì máa ń fura sí ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ju èyí tó kéré. Níbi tí àgbà kan bá ti ń lo tábà nínú ilé, òbí tún máa ń mọ̀ jù. Ohun tí mo rí nínú gbogbo èyí ni pé ojú òbí ń tẹ̀ lé àwòrán ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti yà tẹ́lẹ̀ pé òun ló ń fa sìgá: ọmọkùnrin, géńdé, ọmọ ilé tí wọ́n ti ń fà á. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá tó jẹ́jẹ́, tó ń gba ìwé-ẹ̀rí rere, kò sí nínú àwòrán náà, bẹ́ẹ̀ vape kò yàn án sílẹ̀. Ọjà tó tún ń wọlé báyìí yóò sì mú kí wíwò nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò kékeré funfun kan wà tí wọ́n ń fi há abẹ́ ètè, bíi Zyn. Kò ní èéfín, kò ní ooru, ẹni tó há a sẹ́nu kì í tutọ́, ó sì lè jókòó nínú kíláàsì tàbí níbi oúnjẹ alẹ́ kó máa bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀. Ní 2024, àwọn tó ń lò ó kò tíì tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó ti fi ibi tí ọjà yìí dorí kọ hàn wá. Ọdọọdún ni ohun tí ojú lè rí ń dín kù.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ wa tó wà ní Bìrìtìkó gbọ̀ngbọ̀n. Àjọ ASH tó ń gbógun ti sìgá níbẹ̀ rí i ní 2023 pé 20.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 ló ti tọ́ vape wò rí, 7.6 sì ń lò ó lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, láti 2015 ni òfin ti kà á léèwọ̀ ní England láti tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Èyí tí wọ́n ń fà tán tí wọ́n ń sọ nù ló gbayì jù láàárín wọn nígbà náà: àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi súìtì, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ìjọba fòfin de títà rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2025. Ìdílé Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí Woolwich wà láàárín ohun méjì níbẹ̀. Òbí tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta mọ sìgá, ó mọ aṣáà, ó sì mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í fà á. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé sìgá burú, kò sì fẹ́ kó rùn lára òun. Vape kò sí nínú ohun tí ìkíní kọ́ ọmọ, kò sì sí nínú ohun tí èkejì ń sá fún. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́ fún ara wọn pé kò sẹ́ni tó ń fa sìgá nínú ilé, kí níkótíìnì sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹni tó wà nílé ní Nàìjíríà lè sọ pé ìṣòro àwọn olówó ìlú òyìnbó lèyí. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń lo tábà kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa bíi ti àwọn mìíràn. Ìwádìí àpapọ̀ ti 2012 sọ pé 5.6 ni nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ìlú tí àwọn tó ń lò ó kò tíì pọ̀, tí ọ̀dọ́ sì kún inú rẹ̀, ni oníṣòwò níkótíìnì ń wá. Òfin ìkáwọ́ tábà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 kò gbà kí wọ́n ta á fún ẹni tí kò pé ọdún 18, kò gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tà á, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni máa ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á ní ìdíkọ̀ àti ní kíósì àdúgbò, lójú gbogbo ayé. Ní ìparí 2023, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà bu ìtanràn mílíọ̀nù 110 dọ́là lé British American Tobacco àti àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣòwò. Ohun kan tó tún burú jù wà láàárín wa tí a kò kà sí nǹkan: a máa ń rán ọmọ lọ ra sìgá tàbí aṣáà fún àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á, ó mọ iye rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹni tí òun ń bọ̀wọ̀ fún ló ń lò ó. Ṣíṣà náà ti wọ ibi àríyá, òbí púpọ̀ sì gbà pé omi inú rẹ̀ ti fọ èéfín mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ láti 2005 pé ẹni tó bá fi wákàtí kan fa ṣíṣà lè fa èéfín tó tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún sí igba ti sìgá kan ṣoṣo.

Àwọn kan á ní a ti ń sọ àsọdùn, torí pé vape kò léwu tó sìgá. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí apá kan. Ohun tó ń pa afasìgá jù ni èéfín tí iná ń mú jáde, ọ̀dà inú rẹ̀ àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ́míkà tó rọ̀ mọ́ ọn. Vape kò ní ọ̀dà, ẹ̀rí tó dára sì wà pé ó ti ran ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀. Iṣẹ́ ìlera ìjọba ní Bìrìtìkó ń gba àwọn afasìgá níyànjú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfiwéra yìí wúlò fún ẹni tó ń fa sìgá tẹ́lẹ̀ ni. Ọmọ tí kò fa nǹkankan rí kò bọ́ lọ́wọ́ ewu ńlá sínú ewu kékeré. Inú àlàáfíà ló ti wọ inú bárakú. Ẹni tó bá ń fi ìtùnú àgbàlagbà ẹni ogójì ọdún tu òbí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nínú kò ṣe é lóore.

Àwọn mìíràn ní ìṣòro náà ti ń lọ fúnra rẹ̀, torí pé iye náà ti wálẹ̀ láti 27.5 sí 7.8, àti pé ìbẹ̀rù pé vape yóò sọ gbogbo ọ̀dọ́ di afasìgá kò ṣẹ. Èyí náà ní òótọ́ nínú. Àjọ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà sọ ní 2018 pé ẹ̀rí tó lágbára wà pé ọ̀dọ́ tó bá lo vape ṣeé ṣe kó tọ́ sìgá wò ju ẹni tí kò lò ó. Síbẹ̀, àsìkò tí vape ń gbilẹ̀ gan-an ni sìgá fífà ń relẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé girama àgbà ní Amẹ́ríkà, láti 15.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2011 sí ìsàlẹ̀ 2 ní 2024. Ẹni tó ń sọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kò dúró lórí sìgá. Nínú àwọn ọmọ tó ṣì ń lo vape ní 2024, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tó ń lò ó lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kàn ń tọ́ ọ wò ti lọ, àwọn tó kù ṣì lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ó sì ti di bárakú fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Iye tó wálẹ̀ náà kò wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Òfin, ẹjọ́ àti ìkìlọ̀ wà lára ohun tó tì í wálẹ̀. Ìlú tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè máa retí irú èrè bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó sún mọ́ wa jù ni ti àwọn tó gbà pé kí òbí le koko ni: kó máa tú àpò ọmọ, kó nà án bó bá bá a níbẹ̀, kí ẹni tó wà lókè òkun sì fi dídá a padà sí Nàìjíríà halẹ̀ mọ́ ọn. Mo lóye ìbẹ̀rù tó ń mú òbí sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí pàṣán lè ṣe sí níkótíìnì. Ọmọ tó ti di bárakú fún ń fẹ́ ẹ láàárín wákàtí díẹ̀ tó ti lò ó gbẹ̀yìn, yálà wọ́n nà án tàbí wọn ò nà án. Pàṣán kò lè yọ ìyẹn kúrò lára. Ohun tó ń kọ́ ọmọ ni pé kó wá ibi tó jinnà sí i tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tí ọjà náà sì ti kéré tó ohun tí a lè há sábẹ́ ètè, títú àpò ti di eré tí òbí kò lè jẹ. Àwọn kan sì wà lódìkejì, tí wọ́n ní kí òbí kàn máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ibí gan-an ni ìwádìí San Francisco ti yà mí lẹ́nu. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí kò tíì lo tábà rí fún ọdún kan. Òbí tó sọ pé òun ti bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa tábà kò mú kí ìṣeéṣe pé ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ dín kù. Níbi tí òfin ilé ti le jù, tí wọn kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo èyí tó ń rú èéfín tàbí èyí tí kì í rú níbikíbi nínú ilé, ìṣeéṣe náà dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé ó lè jẹ́ pé òbí tó ń ṣe òfin ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀ sí èyí tí kì í ṣe, àti pé ìyàtọ̀ yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe. Irú ìwádìí báyìí kò lè yanjú iyèméjì náà tán. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí àwọn baba wa mọ̀ mu pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè wọ etí ọmọ kan kó gba èkejì jáde. Òfin tí ọmọ rí i pé bàbá òun fúnra rẹ̀ ń pa mọ́ lójoojúmọ́ ń di ìwà. Kò ná òbí ní kọ́bọ̀, kò sì nílò kó mọ orúkọ gbogbo ọjà tuntun. Agbára rẹ̀ ni pé kò dúró lórí ohun tí ojú rí. Ibi tó ti máa ta wá ni ọ̀rọ̀ àlejò àti àgbà. Báwo la ṣe máa sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá pé kó má fa sìgá lórí àga wa, tàbí fún ìyá àgbà pé aṣáà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ pálọ̀? A lè sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sà, nítorí àwọn ọmọ, a kì í lo irú ẹ̀ nínú ilé yìí." Àgbà tó fẹ́ràn ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́. Àti òbí tó ń fa sìgá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò pọn dandan kó ti jáwọ́ tán kó tó ṣe òfin. Kó kó tirẹ̀ jáde kúrò nínú ilé àti ọkọ̀, kó jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé nǹkan náà ń ni òun lára, kó má sì rán ọmọ lọ ra á mọ́ láéláé.

Níbi tí ọmọ bá ti wọ inú rẹ̀, òfin nìkan kò tó mọ́. Ìrànlọ́wọ́ tó ṣeé fọkàn tán ti wà. Àjọ Truth Initiative ṣe ètò kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú vape. Ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un láàárín àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2024, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù méje, 37.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà ni kò lò ó mọ́, nígbà tí ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 28. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ìkíní ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń fẹ́ jáwọ́, wọ́n sì lè jáwọ́. Èkejì ni pé kò rọrùn, torí pé pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tíì bọ́. Nítorí náà, ọmọ tó jáwọ́ lónìí tó tún padà lọ́la kò fi òbí rẹ̀ ṣẹ̀sín. Bárakú ló ń bá jà. Kí òbí mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bí yóò ṣe mú un lọ fún ibà, kó má sì jẹ́ kí ìtìjú ohun tí ará ìjọ tàbí ará àdúgbò máa sọ dá a dúró.

Ìdájọ́ mi lórí gbogbo rẹ̀ ni pé àìmọ̀ òbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ àwáwí mọ́. Ìjọba ló ni iṣẹ́ tó wúwo jù. Nàìjíríà ní òfin tó dára láti 2015. Kó lò ó ní ìdíkọ̀ àti lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, kó sì rí i dájú pé vape àti àpò abẹ́ ètè kò rí ihò kankan gbà wọlé. Ilé-ìwé ló máa ń kọ́kọ́ mọ ọjà tuntun tí àwọn ọmọ ń lò. Kó tètè ké sí òbí, kó má dúró dìgbà tó bá fẹ́ lé ọmọ jáde. Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ẹ má dúró de òórùn, nítorí kò ní òórùn tí ẹ mọ̀. Ẹ pe gbogbo ilé jọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sọ fún wọn pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni, àgbà tàbí ọmọdé, onílé tàbí àlejò, kò ní lo ohunkóhun tó ní níkótíìnì nínú ilé yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ pa á mọ́.